JIM REEVES NÍ ÍNTÁṢÉŃJÌ ṢÀGÁMÙ: ÈDÈ RẸ̀ KÒ YÉ WA, ỌKÀN WA GBỌ́ Ọ

Ẹni tó bá ti Èkó lọ sí Ìbàdàn rí, tàbí tó gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Òrè àti Benin, kò lè sọ pé òun kò mọ Íntáṣéńjì Ṣàgámù. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ná ọjà láti ìlú dé ìlú, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin káfíńtà tí ẹ ń lọ ra irinṣẹ́ l'Ékòó, ẹ mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó. Ibẹ̀ ni búrẹ́dì wà, ibẹ̀ ni ẹ̀pà sísè wà, ibẹ̀ ni bọ̀ọ̀lì àti omi tútù inú ọ̀rá wà. Ibẹ̀ náà ni kọ̀ńdọ́ ti ń pe Ìbàdàn, tó ń pe Abẹ́òkúta, títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ sì kọ́. Ọ̀rọ̀ orin ni.

Bí ẹ bá tún dé ibẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Fújì yóò máa dún nínú bọ́ọ̀sì kan, kò sì yani lẹ́nu, nítorí Adéwálé Àyúbà tó ń kọ fújì, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, Ìkẹ́nnẹ́ kò sì jìnnà síbẹ̀. Orin ìyìn Olúwa yóò máa dún nínú ọkọ̀ kejì. Orin àwọn ọmọ ìwòyí yóò máa mi ilẹ̀ tìtì níwájú ẹni tó ń bá wọn gba iná sí fóònù. Láàárín gbogbo ariwo yẹn ni ẹ ó ti gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, ohùn tó jinlẹ̀ bíi kànga, tó ń kọrin òyìnbó jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Jim Reeves nìyẹn. Bí kì í bá ṣe òun, Don Williams ni. Bí kì í bá ṣe Don Williams, á jẹ́ Skeeter Davis, tàbí Dolly Parton, tàbí Kenny Rogers.

Mo wá bi ara mi pé, kí ni orin àgbẹ̀ òyìnbó Amẹ́ríkà ń wá ní ilẹ̀ Rẹ́mọ? Ta ló pè é wá? Kí ló sì dé tí ó jókòó, tí kò lọ mọ́?

ORÍTA TÍ WỌ́N FI AFÁRÁ PÍN

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a wà. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 128. Ní Ṣàgámù ni ọ̀nà tó lọ sí Benin ti yà kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà tó ti Abẹ́òkúta gba Kọ́bapẹ́ àti Ṣíun bọ̀, ibẹ̀ náà ló já sí. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí tún ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ṣe ní ọdún 2013, Íntáṣéńjì yìí kan náà ni wọ́n fi pín iṣẹ́: Julius Berger gba ti apá Èkó, RCC gba ti apá Ìbàdàn.

Oríta tí àwọn baba wa mọ̀, ibi tí ọ̀nà ti ń pàdé ni. Onílọ á pàdé onbọ̀, wọn á kí ara wọn, wọn á bi ara wọn léèrè ilé. Oríta ti Ṣàgámù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé afárá lé e, ọ̀nà kan gba orí, èkejì gba ìsàlẹ̀, kí ọkọ̀ má baà dúró de ọkọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Benin lè gba orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn kọjá, kí wọ́n má sì rí ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ìlú Ṣàgámù fúnra rẹ̀, ìlú ìpàdé ni. Ní ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ bíi Ọ̀fin, Màkún, Ìjọ̀kú àti àwọn mìíràn kó ara wọn jọ síbẹ̀ nítorí ogun, kí wọ́n lè fi ẹ̀yìn ti ara wọn. Títí di òní, Akárìgbò ni ọba wọn, oníkálukú sì ń jẹ́ orúkọ àdúgbò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò obì láti Òkè Ọya náà bá wọn níbẹ̀, wọ́n tẹ Sábo dó. Ìlú tí ogun kó jọ ni Ṣàgámù. Oríta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló wá di ibi tí ìrìn àjò ti ń tú èèyàn ká.

Ojoojúmọ́ sì ni èèyàn ń pínyà níbẹ̀. Ọmọ tó ń lọ sí Mayflower n'Íkẹ́nnẹ́, iléèwé tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ìyá rẹ̀ á ká gààrí lé e lọ́wọ́, á ní kó má ṣe gbàgbé ọmọ ẹni tó ń ṣe. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n kó wá sí bárékè wọn ní Ṣàgámù á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, á máa wo apá ọ̀tún wo apá òsì. Ẹni tó sin òkú tán l'Ágọ̀-Ìwòyè á máa dúró de ọkọ̀ Èkó, ojú rẹ̀ á pọ́n. Kò sí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ nínú gbogbo wọn, ìdágbére ló kó wọn débẹ̀.

TA NI JIM REEVES?

Ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ní ọdún 1923. Béèsìbọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ fẹ́ máa fi jẹun, ara rẹ̀ fi pa, ó fi í sílẹ̀. Ó wá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ pé kò dìgbà tí èèyàn bá pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ orin, ó ń ké bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ké. Ní ọdún 1957, nígbà tó fẹ́ gba orin "Four Walls" sínú àwo, ó sún mọ́ máìkì gan-an, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó kọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Orin náà ta wìtìwìtì. Láti ọjọ́ yẹn, kò ké mọ́.

Chet Atkins, ọ̀gá onígìtá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Nashville, wà lára àwọn tó yí orin àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn padà láyé ìgbà yẹn. Wọ́n yọ gòjé tó ń han kúrò, wọ́n fi duru àti àwọn elégbè tó ń rọra gbè rọ́pò rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1959 ni "He'll Have to Go" jáde. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó wà lórí tẹlifóònù pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀, tó sì mọ̀ pé ọkùnrin mìíràn wà lọ́dọ̀ obìnrin náà. Kò bú u. Kò lérí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń bẹ̀ ẹ́. Orin yìí ló gbé orúkọ rẹ̀ kárí ayé. Ní ọdún 1962, ó dé ilẹ̀ Áfíríkà, ó kọrin ní South Africa.

Ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1964 ni ọlọ́jọ́ dé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan lọ sí Nashville nígbà tí ìjì òjò ká a mọ́ ojú sánmọ̀. Ọkọ̀ já. Ẹni ogójì ọdún péré ni. Ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kò kú o! Ní ọdún 1966, ọdún kejì tó ti wà nínú ilẹ̀, "Distant Drums" rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kú lójú ọ̀nà àjò wá di ẹni tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbọ́ káàkiri. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Rédíò ni, àti àwo orin. Láti ọdún 1935 ni àpótí Rediffusion, tí àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé l'Ékòó. Lẹ́yìn náà ni rédíò alágbèéká dé, ẹ̀rọ giramafóònù ń dún ní pálọ̀ àwọn tíṣà àti akọ̀wé. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, kò sí nínú pálọ̀ nìkan mọ́, ó bọ́ sínú ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ ṣí ní ọdún 1978, kásẹ́ẹ̀tì ti wà nínú dáṣíbọọ̀dù dẹ́rẹ́bà. Bí Jim Reeves ṣe bá wọn wọ Íntáṣéńjì nìyẹn.

ÌRÌN ẸNI TÓ RU ẸRÙ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó mú orin yìí wọ̀ wá lára. Ìrìn rẹ̀ ni. Kò yára bíi fújì ọjọ́ ìyàwó, kò sì wọ́lẹ̀ bí orin tí wọ́n fi ń tẹ̀lé pósí. Ó wà láàárín méjèèjì. Àwọn onímọ̀ orin ní ilẹ̀ Ítálì ní orúkọ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, andante ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Ẹ wo ìyá tó ru agbọ̀n tòmátì láti oko wá sọ́jà. Kò lè sáré, ẹrù á dànù. Kò lè dúró, oòrùn á pa á, ọjà á tú. Ó ní ìṣísẹ̀ kan tó ń lò, ọrùn á dúró ṣinṣin, ìdí á máa bá ẹsẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ á sì ráyè máa rò: owó àjọ, owó iléèwé ọmọ, ọ̀rọ̀ tí ọkọ sọ lánàá. Ìrìn tí orin Jim Reeves ń rìn gan-an nìyẹn. Orin tó ń sáré, òun ló máa ń ronú fún yín. Orin tó ń rìn ní tirẹ̀ á fi àyè sílẹ̀ kí ẹ ronú fúnra yín.

Mo bá màmá kan sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀pà sísè ni wọ́n ń tà. Rédíò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ wọn, Skeeter Davis sì ń kọ "The End of the World" lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orin òyìnbó yìí yé yín?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, n ò lọ iléèwé. Òyìnbó tí mo gbọ́ kò kọjá kọ́sítọ́mà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́."

Mo ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí nǹkan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí kì í rọra sọ̀rọ̀ báyẹn."

Ẹ gbọ́ o. Ní ìparí ọdún 1962 ni orin yẹn jáde. Obìnrin tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Sylvia Dee, ìbànújẹ́ ikú bàbá rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Orin ìfẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, bí ẹni pé ọ̀rẹ́kùnrin ló já obìnrin sílẹ̀. Màmá elẹ́pà tí kò lọ iléèwé lẹ́bàá ọ̀nà ní Ṣàgámù ló gbọ́ ọ̀fọ̀ tó wà nídìí rẹ̀.

Wọ́n wá sọ èyí tó kù fún mi. Bàbá àwọn ọmọ wọn, dẹ́rẹ́bà ni. Ọ̀nà Benin ni wọ́n ń ná. Àwọn ló ra kásẹ́ẹ̀tì Skeeter Davis àti ti Jim Reeves, tí wọ́n máa ń fi sí i bí wọ́n bá ti ń kúrò ní gáréèjì. Ní ọjọ́ kan, bàbá ní ó dàárọ̀, wọ́n gba apá Òrè lọ, wọn ò padà wálé. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ló wà nílé tí wọn ò gbé dání lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń lò wọ́n ti bàjẹ́ tipẹ́. Màmá kò tà wọ́n, wọn ò jù wọ́n nù. Rédíò ni wọ́n ń dúró dè, pé bóyá wọn á fi ọ̀kan sí i lónìí.

GÌTÁ TÓ Ń SUNKÚN WỌ INÚ JÙJÚ

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀yin yìí náà! Orin òyìnbó lẹ tún ń gbé lárugẹ, ẹ pa ti baba yín tì." Rárá o. Ẹ fara balẹ̀ ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

Gìtá kan wà nínú orin àgbẹ̀ òyìnbó yìí, tí ohùn rẹ̀ máa ń fà bí ẹni ń sunkún. Wọn kì í gbé e sáyà. Orí ìdúró ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí bíi tábìlì. Olórin á mú irin kan lọ́wọ́, á máa fi yọ́ lórí okùn, á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì nísàlẹ̀ kí ohùn lè máa gòkè kó máa sọ̀kalẹ̀. Erékùṣù Hawaii ni irú gìtá yìí ti ṣẹ̀ kó tó dé Nashville. King Sunny Adé mú un wọ inú jùjú wa. Ademọla Adépọ̀jù ló ń ta á fún un, ó sì wà nínú àwo Juju Music tó jáde ní ọdún 1982, èyí tó gbé Sunny dé etí àwọn òyìnbó. Ní ọdún 1986, nígbà tí Paul Simon ṣe àwo Graceland l'Amẹ́ríkà, Adépọ̀jù ló pè láti wá ta gìtá yẹn nínú orin tó sọ àwo náà lórúkọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun èlò tí wọ́n fi kọ́ wa lórin, ọmọ wa ló tún lọ bá wọn ta lọ́hùn-ún!

Kí ló dé tó fi tètè bá jùjú mu? Ẹ wo gángan. Bí ẹ bá fún ọṣán mọ́ abíyá, ohùn á lọ sókè. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, á sọ̀kalẹ̀. Èdè wa náà, òkè àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Gìtá tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, etí Yorùbá kò lè ṣe àjèjì sí i.

Ìtàn inú orin náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ èyí. Dolly Parton, ọ̀kan nínú ọmọ méjìlá tí ìyá kan bí nínú òṣì ní Tennessee, kọ "Coat of Many Colors" ní ọdún 1971. Àkísà ni ìyá rẹ̀ kó jọ, tó rán pọ̀ di kóòtù fún un. Àwọn ọmọ iléèwé fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, aṣọ olówó ni, nítorí ọwọ́ ìyá ló rán an. Ta ni nínú wa tí kò wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí? Kenny Rogers tó kú ní ọdún 2020, ìtàn ló fi ń kọrin bíi ti alọ́ abẹ́ òṣùpá, ẹ̀kọ́ á sì wà ní ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ebenezer Obey fi ìtàn bàbá, ọmọ àti ẹran tí wọ́n ń gùn kọ́ wa lọ́gbọ́n ní ọdún 1973, pé kò sí ohun tí èèyàn ṣe tó lè tẹ́ aráyé lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin Obey yẹn, kí ni Kenny Rogers fẹ́ kọ tó máa yà á lẹ́nu?

"ORIN YÌÍ Á MÚ DẸ́RẸ́BÀ SÙN"

Nínú ọkọ̀ tí mo bá kúrò níbẹ̀, Don Williams ni dẹ́rẹ́bà fi sí i, ọkùnrin onífìlà tí wọ́n sọ ní Òmìrán Oníwà Pẹ̀lẹ́, tó kú ní ọdún 2017. A kò tíì dé Ògèrè tí àǹtí kan fi pariwo láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí orin yìí padà, kó má lọ mú yín sùn!" Ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà, bàbá àgbàlagbà kan, ní, "Àǹtí, orin kọ́ ló ń mú dẹ́rẹ́bà sùn. Àìsùn alẹ́ àná ni."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá sọ. Ariwo kì í lé oorun, ìsinmi ló ń lé e. Ẹni tó wakọ̀ láti òru mọ́jú, bí ẹ kó agbábẹ̀ǹbẹ́ sí i létí, ojú rẹ̀ á dì. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀. Òfin ní bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 90 lọ ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, tírélà àti táńkà kò sì gbọdọ̀ kọjá 60. Mélòó ló ń pa á mọ́? Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, ẹ má dákẹ́. Kí ẹ tó jiyàn orin, ẹ kọ́kọ́ wo ojú dẹ́rẹ́bà bóyá ó sùn lánàá. Ẹ bi í bó ṣe ń sáré. Ẹni tó ń sáré ò tíì délé, ẹni tó ń rìn lè ti débẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ màmá elẹ́pà, ilé ni wọ́n ń retí wọn sí.

ÀWỌN ORIN TÍ A FI Ń DÁGBÉRE

Èrò tèmi wá rèé. Kì í ṣe nítorí òyìnbó la ṣe fẹ́ràn orin yìí. Ìdágbére la rí nínú rẹ̀. Nígbà tí Kérésìmesì bá sún mọ́lé, tí àwọn tó wà l'Ékòó ń gba Íntáṣéńjì padà sílé, àwo Kérésì tí Jim Reeves ṣe ní ọdún 1963 á máa dún nínú ọkọ̀ onígbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí. Nígbà tí àgbà bá kú, àwo orin ẹ̀mí rẹ̀, We Thank Thee ti ọdún 1962, ni ọ̀pọ̀ ilé ń fi sí i ní àṣálẹ́ àìsùn òkú. Wọ́n fi ń pàdé onbọ̀, wọ́n fi ń sin onílọ. Èdè kò yé gbogbo ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè ìtumọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ti ń lọ báyìí. Inú fóònù àti fíláàṣì ni orin wà. Dẹ́rẹ́bà ọ̀dọ́ lè ní orin ẹgbẹ̀rún nínú ohun tí kò tó èékánná. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo tí bàbá yín fi sílẹ̀, ẹ má jù ú sórí ààtàn. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe, kí wọ́n bá yín kó orin inú rẹ̀ sínú nǹkan tuntun kí téépù inú rẹ̀ tó jẹrà. Lára àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, àwọn tó ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ orin sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Orin lè wà níbi gbogbo, ìkọ̀wé bàbá yín kò sí níbòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó yá, ẹ mú gègé. Orin wo ni bàbá tàbí ìyá yín máa ń fi sí i bí wọ́n bá ń lọ sí àjò? Ta ló ti orin Jim Reeves mọ ikú ẹni tó fẹ́ràn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà wa, ẹ má jẹ́ kó gùn jù, a ó tẹ èyí tó bá dùn. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra o. Ọ̀nà á là, ẹsẹ̀ á gbé wa délé.